Bàtà Funfun Nọ́ọ̀sì Nimota àti Mínísítà Tí Kò Nílé

Nọ́ọ̀sì Nimota ti kú. Nimotalahi ọmọ Àlímì, ọmọ bíbí Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó, agbẹ̀bí ìjọba ní Etí-Ọ̀sà, abúlé tó wà níwájú Abigi. Omi ló gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tó ń lọ gbẹ̀bí obìnrin kan ní òdìkejì ọ̀sà. Ọkọ̀ àjẹ̀ ló wọ̀. Ọkọ̀ onímọ́tò tí wọ́n rà nítorí irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an wà níbòmíràn, ó ń gbé àwọn tó ń wọn jíjìn odò kiri.

Ẹ kò gbọ́ ọ lórí rédíò. Èmi náà kò gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, mínísítà tó gba ọkọ̀ náà lọ ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa ìlọsíwájú, ohùn rẹ̀ tutù, ó dára létí bí ohùn oníwàásù.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni Asimawu tó bí Nimota, nítorí náà ọmọ mi ni Nimota. Nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí etí omi, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé kó má lọ. Inú igbó ni Japara wà. Ọmọ igi kòkó, kí ló fẹ́ ṣe lórí ọ̀sà? Kò mọ̀ wẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Bàbá, bí òjò bá ṣú, ẹ ó dààmú. Bí kò bá ṣú, ẹ ó dààmú pé kí ló dé tí kò ṣú. Bí mo bá ní kí n gbọ́ tiyín, inú yàrá ni n ó hu ewú sí.” Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Àwọn ará etí omi kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ìwo màlúù mú. Kó tó wọ ọkọ̀, á bọ́ bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi aṣọ rọ́bà wé e dáadáa, á tì í bọ ìsàlẹ̀ àpò. Tó bá gúnlẹ̀, á nu ẹsẹ̀, á wọ̀ ọ́ padà, á sì rìn wọlé aboyún pẹ̀lú bàtà gbígbẹ. Ó máa ń sọ pé ti ìjọba ni, omi kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Láti Etí-Ọ̀sà títí dé àwọn abúlé tí kò lórúkọ nínú àwòrán ilẹ̀, kò sí ilé tí kò ní ọmọ tó fi ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ onímọ́tò yẹn, tí wọ́n ń pè ní láǹṣì, ṣe dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Nathaniel, ọmọ Ìbíkẹ́, ni a dìbò fún nígbà náà láti ṣojú wa. N kò fẹ́ràn Nathaniel. Ó máa ń purọ́, á sì gbàgbé irọ́ tó pa, á tún pa òmíràn lé e. Ó ṣèlérí láǹṣì fún àwọn obìnrin etí omi, ó kó ìbò wọn sápò, ó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní àṣà kan tí òyìnbó kò lè pa tán. Ẹni tó bá jẹ ọ́ ní ohun tí kò fẹ́ fún ọ, wàá ká ẹní rẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wàá jókòó. O kò ní bú u, o kò ní nà án. Wàá kàn jókòó síbẹ̀ lójú gbogbo ayé, títí ojú yóò fi tì í. Dídógò tì í nìyẹn. Àwọn obìnrin etí omi ká ẹní, wọ́n gbé oyún wọn, wọ́n lọ dógò ti Nathaniel nílé ìyá rẹ̀. Ìbíkẹ́ kò rí ọ̀nà kọjá lọ sí ibi ìdáná ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá kó àwọn ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun. Láǹṣì dé kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀.

Olóṣèlú ń purọ́ o. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ní àwọn olóṣèlú ti ba nǹkan jẹ́ tó. Wọ́n ní àwọn yóò mú àwọn ọ̀mọ̀wé láti òde wá ṣe mínísítà, àwọn tí kò du ipò, tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún, tí iṣẹ́ nìkan yóò jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Inú ìlú dùn. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níwájú ṣọ́ọ̀bù Síkírù télọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Síkírù gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹni tí kò bẹ̀ wá kó tó débẹ̀, kò ní í tàn wá jẹ nígbà tó bá débẹ̀.”

Mo ní, “Ẹni tí kò bẹ̀ wá kó tó débẹ̀, báwo ni a ó ṣe bẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá débẹ̀?”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìbẹ̀rù mi tún ti dé.

N kò sọ pé òmùgọ̀ ni ọkùnrin tí wọ́n mú wá. Ó mọ̀wé. Ó wo iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ ìjọba, ó rí i pé láǹṣì Etí-Ọ̀sà a máa so mọ́ èèkàn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìlọ síbì kankan. Ó ní ìfiṣòfò ni. Ó ní kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń wọn odò, kí agbẹ̀bí máa fi ọkọ̀ àjẹ̀ lọ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Lórí tábìlì, ta ni yóò já a nírọ́? Ṣùgbọ́n ọkọ̀ agbẹ̀bí tó so mọ́ èèkàn, tó dúró jẹ́ẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìdúró rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹni tó gbé omi sẹ́bàá ibùsùn ń fi omi ṣòfò nítorí pé òùngbẹ kò tíì gbẹ ẹ́?

Ibí yìí ni àwa náà ti ṣe àṣìṣe wa. Àwọn àgbà Etí-Ọ̀sà jókòó. Mùbàṣírù, olórí àwọn ọlọ́kọ̀, ní kí wọ́n lọ dógò ti mínísítà náà kíákíá. Wọ́n bi í pé nílé ta? Ilé ìjọba ló ń gbé n’Ìbàdàn, ilé tó ní géètì àti ọlọ́pàá, kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀. Ẹni ńlá, ilé rẹ̀ là ń ká a mọ́. Ẹnì kan wá ní òun gbọ́ pé ará Awa ni àwọn ìdílé ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn sinmi, kí wọ́n dúró de Iléyá. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kì í wálé Iléyá? Mùsùlùmí ń wálé, ọmọ ìjọ Àládúrà ń wálé, ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́ náà ń wálé wá jẹ ẹran. Wọ́n so àgbò kan mọ́lẹ̀, wọ́n ń bọ́ ọ. Oṣù ń lọ, láǹṣì kò sí, àgbò ń sanra.

Mo bá wọn lọ sí Awa ní ọjọ́ kejì Iléyá, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá di òyìnbó kí n bá wọn sọ ọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé àgbò dé èbúté, wọ́n fi lọ́rì gbé e dé Awa. Nimota wọ yúnífọ́ọ̀mù funfun rẹ̀ àti bàtà náà. A béèrè títí wọ́n fi júwe ìyá arúgbó kan fún wa, Lará lorúkọ rẹ̀, tó mọ gbogbo ìdílé ìlú náà. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ní a wá kí mínísítà.

Lará wo àgbò, ó wò wá. “Ọmọ wa kọ́,” ló wí. “Orí rédíò tí ẹ̀yin ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni àwa náà ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ bá wa sọ fún un pé kànga wa ti dí.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nimota kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un, ó ń wo ẹnu bàtà rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ọkùnrin yìí kò ní ìyá tí a lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.”

A mú àgbò padà. Ó ń ké lórí omi títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ obìnrin kan ti òdìkejì wá, pé ìyàwó òun ti ń rọbí láti àná, apá kò ká a mọ́. Ìjì ti ń gbá ojú ọ̀sà. Mùbàṣírù sọ fún mi pé òun bẹ Nimota kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Nimota ti ń wé bàtà rẹ̀ nínú rọ́bà. Ó ní, “Ṣé ọmọ náà ń dúró?” Mùbàṣírù bá mú àjẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Láàárín ọ̀sà ni ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Mùbàṣírù àti ọkọ obìnrin náà rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Nimota, ọmọ Japara, kò mọ̀ wẹ̀.

Wọ́n rí àpò rẹ̀ kó tó di pé wọ́n rí i, ojú oró ló há a mọ́ra. Wọ́n tú rọ́bà. Bàtà náà gbẹ.

Obìnrin tó ń lọ gbẹ̀bí rẹ̀ kò kú, ọmọ náà kò kú. Ìyakọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Mo lọ kí i, ó sì sọ ohun kan fún mi tí kò tíì kúrò létí mi. Ó ní nígbà tí agbára òun fẹ́ tán, òun gbọ́ ìró láǹṣì tó ń bọ̀ lórí omi, òun ní, “Nọ́ọ̀sì ti dé,” òun sì tún rọ́jú. Kò sí láǹṣì kankan lórí ọ̀sà yẹn lọ́jọ́ náà. Ìyakọ rẹ̀ náà ní òun gbọ́ ọ. Àwọn aboyún etí omi ti ń sọ báyìí pé àwọn ń gbọ́ ọ bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú. Ní Àgọ́-Ìwòyè níbi tí mo ń gbé, bí lọ́rì bá ń gun òkè bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo máa ń dìde dúró kí n tó mọ̀.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín sí Etí-Ọ̀sà, nítorí Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Ilẹ̀ ti bò ó kí Asimawu ìyá rẹ̀ tó ti Japara dé. Mínísítà kò wá. Kò rán ẹnikẹ́ni wá. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àga tí a gbé kalẹ̀ fún ìjọba wà lófìfo, ewúrẹ́ kan ló gorí rẹ̀.

Mo ní ìjọba kò rán ẹnikẹ́ni? Mo ṣìwí. Lẹ́yìn fídáù, ọkùnrin kan dé nínú kákí láti ilé iṣẹ́ mínísítà náà. A rò pé ó wá kí wa kú ọ̀ràn ni, a fún un lómi. Ó mu ún tán, ó wolẹ̀, ó ní wọ́n rán òun wá gba yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà, nítorí dúkìá ìjọba ni wọ́n.

Ẹ gbọ́ ná: ìjọba tí kò rántí pé òun ní agbẹ̀bí ní Etí-Ọ̀sà rántí pé òun ní bàtà níbẹ̀.

Asimawu kò pariwo. Ó ní, “Sọ fún ẹni tó rán ọ pé bàtà wà. Omi kò kàn án. Kó wá gbà á lọ́wọ́ mi.”

Ọkùnrin náà ní, “Màmá, wọn ò ní í wá o.”

“A jẹ́ pé èmi ni n ó lọ.”

Ibo ni yóò lọ? Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ lónìí nìyẹn. Ẹ mú ọkùnrin kan wá láti òde, ẹ fi ẹ̀mí wa lé e lọ́wọ́. Kò du ipò, nítorí náà a kò lè yọ ọ́. Kò nílé lọ́dọ̀ wa, nítorí náà a kò lè ká a mọ́lé. Bó bá ṣe dáadáa, ẹ ó ní ẹ̀yin lẹ mú un wá. Bó bá ṣe àṣìṣe, ṣé afẹ́fẹ́ ló ṣe é? Ní ilẹ̀ yìí, bí àlejò bá ṣẹ̀, onílé là ń bi. Ẹni tó gbà á sílé ni yóò jáde wá dáhùn pé báwo ni àlejò òun ṣe ń hùwà.

Nítorí náà, kí ẹni tó mú mínísítà yìí wá jáde sí gbangba, kó sọ fún wa ẹni tó gba láǹṣì kúrò ní Etí-Ọ̀sà àti ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Kí wọ́n dá láǹṣì padà kí òjò mìíràn tó dé, kí agbẹ̀bí mìíràn tó bọ́ bàtà rẹ̀. Bí wọn kò bá jáde, a mọ ilé bàbá ẹni tó mú un wá, a sì mọ ọjọ́ tó ń wálé. Àwọn obìnrin etí omi ti ká ẹní wọn. Asimawu ni yóò jókòó síwájú, bàtà funfun náà lórí itan rẹ̀ nínú rọ́bà, bí ẹni gbé ọmọ. A kò ní bú ẹnikẹ́ni. A ó kàn jókòó ni, títí ẹnì kan yóò fi jáde wá gbà á.