Ẹni Tí Yóò Jẹ́jọ́ fún Ẹ̀rọ

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ọdún 1982, nígbà tí àbúrò ìyá mi sọ ẹrù iṣu kalẹ̀ níwájú tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ṣàbẹ̀wò sí Ute. Láti oko ni wọ́n ti rù ú wá. Èmi tí mo wà ní yunifásítì ni mo sìn wọ́n wá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Idogun ti fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ alásè. Ó ku kí àyẹ̀wò fi hàn pé ara wọn le. Opó ni wọ́n, kò sì síṣẹ́ olówó oṣù mìíràn tó ń dúró dè wọ́n. Iṣu náà kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Nílé wa, ènìyàn kì í lọ bá àlejò lọ́wọ́ òfo.

Àbúrò ìyá mi kò tíì mí délẹ̀ tí ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì fi so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Ẹ̀rọ tuntun ni. Kò sí pé à ń fetí gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń tan nọ́ńbà pupa. Ọ̀gá wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, wọn ò lè ṣiṣẹ́ ìdáná, kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n jókòó sinmi, kó tún un yẹ̀ wò. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àṣẹ wí. Mo bèèrè bóyá dókítà tó wà nínú yàrá kejì máa rí èsì náà. Ó ní kò kan dókítà. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni abẹ gé.

"Ọ̀gá, bí ẹ̀rọ yìí bá ṣì í, ta ni ká dì mú?"

"Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì. Ṣé irin lo fẹ́ bá ṣẹjọ́?"

"Irin kọ́, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyá mi fà mí láṣọ, wọ́n ní ká máa lọ, ọ̀gá kúkú ti gba iṣu, kò ní dá a padà. N kò dìde. N kò sọ pé ẹ̀rọ náà ń purọ́, nítorí n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ iṣu kalẹ̀ kò rí bíi ti ẹni tó ti sinmi. Mo jókòó sórí àga àyẹ̀wò, mo ní ẹnì kankan ò ní jókòó síbẹ̀ títí ènìyàn kan yóò fi gbà pé òun lòun dá ẹjọ́ yẹn. Lónìí tí àwọn orílẹ̀-èdè ń ṣòfin fún ẹ̀rọ tó ń ronú nílé ìwòsàn, ibẹ̀ náà ni èrò mi ṣì jókòó sí.

Nígbà tí ariwo pọ̀, dókítà jáde. Ó fi ẹ̀rọ àtijọ́ tí à ń fọwọ́ fún yẹ̀ wọ́n wò, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní ó ga díẹ̀, pé kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ sí ìwé èsì náà lórúkọ ara rẹ̀.

Bóyá wọ́n yí àṣẹ náà padà níbòmíràn, n kò lè sọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo sin àbúrò ìyá mi dé Idogun, mo sì rí wọn tí wọ́n ń da ẹ̀wà sínú ìkòkò ilé ẹ̀kọ́ náà.