Ògiri Tí Mo Fi Ìkánjú Mọ

Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́ mi kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o!

Èmi gan-an ni mo dá ẹgbẹ́ ìlọsíwájú sílẹ̀ ní abúlé wa lẹ́bàá Fìdítì. Sítáńdáàdì kejì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ògiri tó mi ní gbogbo agbègbè yẹn? Kò sí!

Ọ̀gá kan wá láti káńsù. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, abúlé tó bá kọ́kọ́ parí ilé ìgbẹ̀bí ni òun yóò fi í fún. Àwa àti abúlé kan lápá Ìlọrà la jọ ń du ú. Oyún Àdùkẹ́, ìyàwó mi, ti pé oṣù méje. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn nínú lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn Ọ̀yọ́. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ara mi kò fi lélẹ̀?

A mọ ìpele ògiri kìíní. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún kí a tó gbé òmíràn lé e. Àfi bí a ṣe gbọ́ pé àwọn ará ọ̀hún ti dé ibi fèrèsé! Orí mi gbóná. Mo ní kí ẹgbẹ́ gbé ìpele mẹ́ta lé e láàárín ọjọ́ méjì.

Bàbá Àkànbí, àgbà ẹgbẹ́ wa, kọ̀. "Àjàní, amọ̀ ò mọ ẹni tó ń kánjú o."

Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ jókòó sábẹ́ ibòji. Ọwọ́ tèmi yìí, amọ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, òjò dé. Ìpele ìsàlẹ̀ rọ̀, ó tú, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ gbì! Mo fẹ́ fi àyà gbé e dúró. Èmi, ọkùnrin! Mo sunkún nínú ẹrẹ̀. Àdùkẹ́ dúró lókèèrè, ó di inú mú, kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nọ́ọ̀sì lọ sápá Ìlọrà. Nígbà tí ìrọbí mú ìyàwó mi, mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo wà á lọ bá àwọn ará ọ̀hún tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ ògiri mọ. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n yára. Ọ̀nà náà kò tán! Nọ́ọ̀sì ní ká ní a tètè dé díẹ̀ ni.

Àdùkẹ́ yè. Ọmọ náà kò sunkún.

A tún ògiri wa mọ, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ó dúró dòní, kò sí irú rẹ̀ láti Fìdítì dé Ìlọrà! Nọ́ọ̀sì ni kò tíì sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, bí àgbà bá ní ẹ dúró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣe rí nínú yín? Ẹ sọ tiyín fún mi, kó má dà bíi pé èmi nìkan ni.