Àyè Tó Ṣófo Lára Òkúta Aksel

Lọ́jọ́ tí Asta Ipsen kọ́kọ́ dá iná tí wọ́n fi ń yan ẹja fúnra rẹ̀, igi olóje ló kó sí i. Ẹja ṣawa tó jáde dúdú bí ọ̀dà, ó sì korò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò gbóòórùn rẹ̀, tó kẹ̀yìn sí i. Asta kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè rẹ̀ ní etí òkun erékùṣù Bornholm, ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Àwọn mìíràn kò mọ òmíràn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Aksel ọkọ rẹ̀ ló dá ilé ẹja yíyan náà sílẹ̀. Irọ́ ni. Èéfín kò bá àyà Aksel mu. Bó bá ti wọlé báyìí, ikọ́ ni yóò máa hú títí yóò fi jáde. Ìta ló ń jókòó sí, tó ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà. Asta ló ń bá àwọn apẹja dúnàádúrà ní èbúté, òun náà ló ń fi ẹja kọ́ irin, tó ń ṣọ́ iná. Nígbà tí ẹja wọ́n lókun, tí àwọn ilé ẹja yòókù ti ilẹ̀kùn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá ẹja lókèèrè. Iná rẹ̀ kò kú. Òun ló tọ́ ọmọ méjì, ó tún tọ́ ọmọ-ọmọ.

Nígbà tí Aksel kú, Preben, ọmọkùnrin wọn, ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí òkúta ibojì pé: "Aksel Ipsen, Ọ̀gá nínú Ẹja Yíyan." Nísàlẹ̀ rẹ̀: "àti ìyàwó rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni àyè tó ṣófo, tó ń dúró de òkú kejì. Ọdọọdún ni Asta ń bomi rin òdòdó níwájú òkúta yìí.

"Gudrun," ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbẹ̀, "ṣé o rí àyè yẹn?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ó gba ẹja ṣawa kan dáadáa. Ẹja ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má fi èmi síbẹ̀."

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, wọ́n jókòó ti kọfí ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan dìde, ó sọ ìtàn ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gudrun gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Preben fẹnu sí i létí. "Mo ti bá agbẹ́kùúta sọ̀rọ̀. Orúkọ Màmá ló kù ká fi kún un."

"Orúkọ wọn kò ní í dé ibẹ̀."

"Òkúta ti wà nílẹ̀ ná. Òkúta mélòó ni tọkọtaya fẹ́ lò?"

"Ta ló ń yan ẹja nílé wa?"

"Ẹ̀ẹ́, gbogbo wa la mọ̀."

"Òkúta yẹn kò mọ̀. Ta ni?"

"Màmá ni. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn."

"Ayé ìgbà yẹn kò lọ́wọ́ tí yóò fi kọ̀wé, Preben. Ìwọ lo ní kí wọ́n kọ ọ́."

"Kí làwọn èèyàn máa wí, bí ìyàwó bá sùn jìnnà sí ọkọ rẹ̀?"

"Kí wọ́n wá bi ọ́. Ìwọ ni wàá sọ ìdí rẹ̀ fún wọn."

Kọfí Preben ti tutù. Ó mu ún bẹ́ẹ̀. Wọ́n sun òkú Asta, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀; kí wọ́n tó sin eérú rẹ̀, Gudrun ti lọ bá pásítọ̀, ó ti gba ilẹ̀ mìíràn. Preben ló gbé ìkòkò eérú náà débẹ̀. Gudrun kò bẹ̀ ẹ́, kò sì dárí jì í.

Lára òkúta Aksel, àyè yẹn ṣì ṣófo. Asta Ipsen, Ọ̀gá nínú Ẹja Yíyan, wà lábẹ́ òkúta tirẹ̀ ní itẹ́ òkú kan náà, lẹ́bàá ògiri ìsàlẹ̀, níbi tí èéfín ilé ẹja rẹ̀ ń gbà kọjá.