Orúkọ Ìyá Ọmọ

Ọ̀sán ni Màmá Bọ̀sún máa ń lọ sílé. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù á máa kùn lójú fèrèsé apátímẹ́ǹtì wọn ní Alief, ní Houston l'Amẹ́ríkà, ọkọ̀ á máa hó lórí fíríwè bí òjò tó ṣú tí ò tíì rọ̀, oorun á sì gbé e lọ. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ó ti dé ìta ilé rẹ̀ lẹ́yìn Iléṣà, ó ń fẹsẹ̀ tú kòkó tó sá sórí ẹní, Mojọlá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní pípọ̀n. Tó bá lajú, kò ní sí ẹní, kò ní sí kòkó, ṣùgbọ́n Mojọlá á wà níbẹ̀ lóòótọ́, á ti sùn lé apá rẹ̀ títí apá á fi kú. Kò ní yọ ọ́. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí apá kú.

Ọmọ́níkẹ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti fi pè é. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló lò nílé Mákánjúọlá, ọkọ rẹ̀, láìtọwọ́ bọ osùn. Ìyàwó kékeré tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ń bí, ó tún ń bí, kí Ọlọ́run tó fi Ọlátúnbọ̀sún sọ òun náà dìyá. Bọ̀sún nìkan náà sì ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di Màmá Bọ̀sún, tẹ́ ẹ bá sì pè é ní Ọmọ́níkẹ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì lẹ ń pè. Ẹni tí ebi ọmọ bá ti pa rí, bó ti wù kó jẹun tó, ojú rẹ̀ ò ní kúrò nídìí ìkòkò.

Bọ̀sún lọ kàwé ní Houston, ní yunifásítì kan ní Third Ward, ibẹ̀ ló ti rí Helen, ọmọ àdúgbò náà gan-an, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Nígbà tí owó epo ṣì ń dún ní Nàìjíríà, ó mú un wálé. Màmá ti múra sílẹ̀ láti bínú, ṣùgbọ́n Helen ò fún un láyè. Helen kọ́ ìkúnlẹ̀, ó kọ́ Yorùbá tó ń gba imú jáde, ó gún iyán títí ó fi gún àtàǹpàkò ara rẹ̀. Gbogbo ọmọ agbo ilé ń pè é ní Anti Helen. Lọ́dún 1981 ló bí Mojọlá sí ọsibítù kan ní Iléṣà, Màmá ló sì fún ọmọ náà ní ìwẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọmọ ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìròyìn fi dé láti Third Ward pé rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá Helen dùbúlẹ̀. Helen nìkan ni ìyá náà bí. "Màmá, oṣù mẹ́ta péré," ni Helen wí, ó ń sunkún, ó gbé ọmọ lé Màmá lọ́wọ́. Àìsàn kì í bá èèyàn dájọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di mẹ́rin. Ìyá Helen ò dìde, kò sì kú. Nígbà tó yá, iṣẹ́ Bọ̀sún l'Ékòó dáwọ́ dúró, òun náà bá ìyàwó rẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n sin ìyá náà tán ní 1985 ni wọ́n tó ráyè fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí Màmá àti Mojọlá.

Físà oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi wọlé. Màmá lè padà, ilé rẹ̀ ń dúró dè é. Orí Mojọlá ni ọ̀rọ̀ wà. Bọ̀sún ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́dún tó kọjá ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti bí ọmọ, tirẹ̀ ò lè ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ti Helen, tí wọ́n bí sí Houston, ni wọ́n gbára lé. Kí físà tó tán, ìjọba gbọ́dọ̀ gbà pé Helen ló bí Mojọlá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á padà sínú ọkọ̀ òfuurufú, Helen á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún.

Bọ̀sún ní kí Màmá mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Màmá tú gèlè tó fi dì í, ó nà án sí i. Bọ̀sún kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tún un kà, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Màmá, wọ́n bi yín ní orúkọ ìyá ọmọ, ẹ wá sọ pé Ọmọ́níkẹ́ Mákánjúọlá?"

"Ta ni kí n sọ? Ṣé kì í ṣe ọmọ mi ni? Àbí ọmọ ọ̀tá ni?"

"Màmá!"

"Má pariwo mọ́ mi. Níbo lo wà lọ́jọ́ náà? O wà l'Ékòó. Helen wà lókè òkun. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé ní ta ló lọmọ, mo ní èmi ni."

Ká sòótọ́, ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Nílé tiwa, bí àlejò bá béèrè pé ta ló lọmọ, gbogbo ilé ló ń jẹ́. Ìwé ni kò mọ gbogbo ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ni àyè wà fún lórí ìlà.

Wọ́n gbé e lọ bẹ́ẹ̀ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n. Obìnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Veronica ló dá wọn lóhùn, ó rọra, ó tutù. Ọlọ́runyọmí, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Alief, ló tẹ̀ lé wọn láti ṣe ògbufọ̀ fún Màmá. Veronica wo ìwé, ó wo Màmá, ó ní páspọ́ọ̀tù rẹ̀ fi hàn pé ẹni ọdún márùnlélógójì ni nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin sì lè bímọ lọ́jọ́ orí yẹn. Ẹni tó bá a ṣe páspọ́ọ̀tù ló gé ọdún méjìlá kúrò. Ẹ wá wo ìyá àgbà bí inú rẹ̀ ṣe dùn nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un!

Veronica wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Mojọlá, ó bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé níbo ni Mọ́mì ẹ wà. Ọmọ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Màmá ló nawọ́ sí. Helen ní kó tún wò dáadáa. Ó wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Anti Helen nìyí." Ohun tó gbọ́ nílé ló ń wí. Helen kàn ń fọwọ́ tẹ́ etí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ títí.

Veronica ò fi ìbínú lé wọn. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọsibítù, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìlà sì wá búra pé òun kọ́ ni òun bí ọmọ náà.

"Èmi kọ́ ni mo bí i?" ni Màmá wí nígbà tí wọ́n délé. "Kí ẹnu èmi Ọmọ́níkẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ sọ́mọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èmi tí mo wá ọmọ tó bẹ́ẹ̀!" Bọ̀sún bẹ̀ ẹ́, Ọlọ́runyọmí bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò sọ fún wọn, tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nínú oorun ọ̀sán, akọ̀wé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sórí ẹní kòkó, pẹ̀lú tábìlì rẹ̀ àti yíǹkì rẹ̀, á jókòó, á ní, "Orúkọ ìyá ọmọ?" Màmá á la ẹnu, ohùn ò ní jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, Helen gbé Màmá àti Mojọlá lọ sí Galleria, ilé ìtajà ńlá kan, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè gbafẹ́. Oòrùn ta lóde débi pé ilẹ̀ ń gbóná gba inú bàtà. Nínú ilé ìtajà náà, Màmá wo ìsàlẹ̀, ó rí omi funfun gbalaja, àwọn èèyàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ lọ lórí ìdúró, ẹsẹ̀ wọn ò dún.

"Helen, omi nìyẹn?"

"Omi ni, Màmá. Ó ti di yìnyín."

"Kí wá ló ń gbé wọn lọ báyìí?"

"Ẹsẹ̀ wọn náà ni."

Màmá di irin mú, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Gbogbo wọn ń yí, wọ́n ń yí, kò sí ẹni tó ń yára. Ó rò pé bóyá bí ọ̀run ṣe rí nìyẹn. Ọmọbìnrin kékeré kan wá ṣubú láàárín wọn, ọmọ òyìnbó ni, ó ké pé, "Mọ́mì!"

Helen yí padà. Kíá báyìí, pẹ̀lú gbogbo ara, ọwọ́ rẹ̀ ti nà. Ọmọ ọlọ́mọ o! Ìyá ọmọ náà gbé e, Helen wá rọra ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó tún irun ara rẹ̀ ṣe bí ẹni pé irun ló fẹ́ tún ṣe tẹ́lẹ̀. Màmá rí i. Ojú tì í, ojú tì í gan-an, débi pé omi tó bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ ìgbà tó bọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó wọ aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun, ó ní ó yá.

Bọ̀sún wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Helen jókòó, Mojọlá ń sùn lórí itan Màmá. Veronica ní kí Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọlọ́runyọmí ti kọ ohun tó máa sọ sílẹ̀, gbólóhùn kan péré, ṣùgbọ́n Màmá ò sọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́.

"Akọ̀wé bi mí, mo sọ orúkọ mi. Ẹnu ló yọ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á sí mi létí, mo sì mọ̀ pé àṣìṣe ni. Mo dákẹ́. Ó dùn mọ́ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi pè mí lágàn. Mo fẹ́ kí ìwé gbé ọmọ méjì fún mi."

Ọlọ́runyọmí wò ó, kò túmọ̀.

"Túmọ̀ ẹ̀ jàre! Ṣé kí n wá purọ́ fún Ọlọ́run ni? Èmi kọ́ ni mo bí Mojọlá. Helen ló bí i. Ọjọ́ orí tó wà nínú páspọ́ọ̀tù gan-an, irọ́ ni."

Ọlọ́runyọmí túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, àfi ti ọjọ́ orí. Veronica kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ka lẹ́tà ọsibítù, ó gbá òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, ó ní ìwé ọmọ Amẹ́ríkà Mojọlá á bá wọn nílé kí oṣù tó parí. Helen kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì ìjọba, níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Veronica rò pé nǹkan kan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a wá a.

Helen ló ń wa mọ́tò nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Màmá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ. Oòrùn ọ̀sán wọnú gíláàsì, fíríwè ń fà lọ títí, oorun ti ń gbé Màmá lọ sídìí kòkó rẹ̀ nígbà tí Mojọlá ta jí.

"Mọ́mì, omi."

Màmá lanu, ó tún pa á dé. Helen náà ò jẹ́, torí ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

"Màmá," ni Helen wí, "ẹ̀yin ló ń pè."

"Èmi kọ́." Màmá fi ìka tọ́ka síwájú. "Mojọlá, Mọ́mì rẹ nìyẹn, tó ń wa mọ́tò."

"Anti Helen nìyẹn."

"Mo ní Mọ́mì nìyẹn. Òun ló bí ọ."

Mojọlá wo orí Helen látẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí Màmá. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi?" Kò sí Bíbélì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ni mo bí Mọ́mì rẹ."

Helen kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí Alief, ó ń wa mọ́tò lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró.