Àpò Ọta Alábàwọ́n

"Bọ̀dá Mùráínà, kí ló dé tí ẹ kẹ̀yìn sí wọn nígbà tí wọ́n ń yìnbọn?"

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bi wọ́n, nígbà tí à ń ti Sharjah bọ̀ wá sílé wa ní Hor Al Anz, nílẹ̀ Lárúbáwá. Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà náà. Láti àárọ̀ ni ìbéèrè náà ti wà lẹ́nu mi. Bọ̀dá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Kẹ́mi, jẹ́ kí n rò ó ná." Mo dúró. Wọ́n gbé orí ti gíláàsì fèrèsé, oorun sì gbé wọn lọ. Mi ò bi wọ́n mọ́. Ó máa ń ṣòro fún mi láti béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dá Mùráínà ló háyà bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kan, tó wà ní pálọ̀ wa, lẹ́yìn kọ́tìnì tí Dádì ta. Dádì ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ kílọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń yìnbọn, nínú aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún ní Sharjah. Ibẹ̀ náà ni Bọ̀dá ń ṣiṣẹ́. Tó bá di Sátidé, Mọ́mì á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Karama, wọn ò sì lè fi èmi nìkan sílé, nítorí náà mo máa ń tẹ̀ lé Dádì. Mo máa ń jókòó sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò mi, níwájú yàrá tí wọ́n ń pè ní yàrá ọta.

Ní kílọ́ọ̀bù yẹn, wọn kì í ju ìkaraun ọta nù. Idẹ ni, ó ṣeé tún lò. Kóòṣì Nabil, ará Íjíbítì tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ló máa ń rọ ẹ̀tù tuntun sí i nínú yàrá náà, tí á sì fi orí ọta tuntun dé e. Orí ọta yìí ló ń fò lọ bá páálí tí wọ́n ń yìnbọn sí. Kò tóbi ju ìdajì ìka mi lọ, síbẹ̀ òun ló ń ná wọn lówó jù, torí èyí tó máa ń lọ tààrà kò wọ́pọ̀. Lọ́dún yẹn, ó wá wọ́n kọjá bó ṣe yẹ.

Kóòṣì wá ra àpò orí ọta kan ní owó pọ́ọ́kú. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn ọta náà ló kọ̀ wọ́n. Òmíràn ní àbàwọ́n dúdú, òmíràn ní ìlà lára, òmíràn sì wọ́. Kóòṣì yin díẹ̀ wò nínú wọn, wọ́n fọ́n káàkiri ara páálí bí àgbàdo tí a dà fún adìẹ. Ó jáde sí kọ́rídọ̀, inú rẹ̀ kò dùn.

"Khalas, ó tán," ó ní. "Tí oṣù yìí bá parí, màá ti yàrá yìí pa. Kí oníkálukú máa lọ ra ọta tirẹ̀."

Bọ̀dá Mùráínà ló ń tọ́jú yàrá náà. Ẹnu géètì ni wọ́n ti mú wọn wá síbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu géètì sì ti pé. Bí yàrá náà bá tì, kò sí ibòmíràn tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n sí, visa wọn ò ní yọ, ilé ló kàn. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo gbọ́ nígbà tí Dádì ń sọ ọ́ fún Mọ́mì ní kíṣìnì.

"Mister Nabil," ni Bọ̀dá wí, "ẹ jẹ́ kí n ṣà á ná."

"Kí lo fẹ́ ṣà níbẹ̀, habibi?"

"Èyí tí kò burú, sà."

Inú yàrá ni ẹ̀tù wà, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ọta lásán kò léwu, kò yàtọ̀ sí òkúta, nítorí náà tábìlì kọ́rídọ̀ ni Bọ̀dá ti ń ṣà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n yọ gíláàsì ara férémù fọ́tò kan, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ìsàlẹ̀ kọjá. Wọ́n á fi ìka kan ti orí ọta, á máa yí lọ lórí gíláàsì. Òjìji ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí òjìji náà bá ń gbọ̀n, garawa ni wọ́n ń jù ú sí. Bí ó bá lọ jẹ́jẹ́, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á di ojú, wọ́n á máa fi ìka yí i, bí ẹni pé ọta náà ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ife pépà tí a fi ń mu tíì ni wọ́n ń kó wọn sí, àwọn tí ìwúwo wọn bára mu nínú ife kan.

Mo gbàgbé ìṣirò mi. Àwọn ọta tó dúdú bí ìdí ìkòkò ń wọ inú ife, àwọn tó ń dán gbinrin ń lọ sínú garawa. Mo rọra ń mí, kí èémí mi má baà ti ọ̀kan nínú wọn. Mi ò tíì rí i kí èèyàn ṣe sùúrù fún nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bọ̀dá Ṣínà tó ń ṣọ́ géètì kọjá, wọ́n dúró.

"Mùrá, ṣé obì lò ń ṣà ni?"

"Obì ni."

"Ará Ṣàgámù. Tó o bá rí gbànja níbẹ̀, fún mi ní ọ̀kan."

"Eyín ẹ ò lè fọ́ ọ."

"Eyín tó ń jẹ búrẹ́dì kàǹtíìnì yín yìí? Kò sí ohun tí kò lè fọ́."

Bọ̀dá Mùráínà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára òjìji yẹn.

Nígbà tó fi máa di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà, ohun tó wà nínú garawa ti pọ̀ ju ohun tó wà nínú ife lọ. Kóòṣì ti di èyí tí Bọ̀dá ṣà sínú ìkaraun, ó sì fẹ́ yìn wọ́n wò ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Dádì fi ohun ìdènà ariwo bò mí létí, a dúró sẹ́yìn gíláàsì tó nípọn. Páálí náà jìnnà débi pé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ló ń fi í hàn wá.

Kóòṣì dùbúlẹ̀, ó kọ́kọ́ yin ọta olówó ńlá márùn-ún. Àwọn ihò náà sún mọ́ra dáadáa. Ó wá ki ti Bọ̀dá sínú ìbọn. Bó ṣe gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìbọn, Bọ̀dá Mùráínà yí padà, wọ́n kẹ̀yìn sí gbogbo wa, wọ́n kọjú sí ẹ̀rọ omi tútù tó wà lára ògiri.

"Ẹ wò ó," Bọ̀dá Ṣínà sọ fún Dádì. "Ẹni tó ń bá ọta sùn, ẹ̀rù ìbọn ń bà á."

"Fi í sílẹ̀ jàre."

Kóòṣì yìn ín, ó tún yìn ín. Mo rò pé ó ń tàsé ni, torí ihò kan ṣoṣo ni mò ń rí. Dádì ló fi yé mi pé ọta mẹ́rin ló ti gba ojú ihò kan náà kọjá. Àmọ́ ìkarùn-ún yà sọ́tọ̀, ó lọ dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ páálí.

Kóòṣì dìde. "Mùráínà. Ìkarùn-ún yìí, ṣé ọwọ́ mi ni, àbí ọta rẹ?"

"Mùrá, sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ni," Dádì sọ ọ́ ní Yorùbá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bọ̀dá wo páálí náà lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Mi ò mọ̀, sà."

Dádì gbójú sílẹ̀. Kóòṣì ń wo Bọ̀dá bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí wọn nìyẹn.

"Gbogbo ẹni tó ń ta ọta fún mi ló máa ń sọ pé ọwọ́ mi ni," ó ní. "Gbé márùn-ún sí i wá."

Ó tún dùbúlẹ̀. Bọ̀dá tún kọjú sí ẹ̀rọ omi. Lọ́tẹ̀ yìí, márààrún wọ ibi tí mo lè fi èékánná mi bò.

"Yalla, ó yá," Kóòṣì wí, "lọ ṣa ìyókù."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ti yàrá náà pa, visa Bọ̀dá sì yọ. Ọjọ́ yẹn ni mo béèrè ìbéèrè mi nínú bọ́ọ̀sì.

Kíláàsì tó kẹ́yìn ni mo wà báyìí. Bọ̀dá ṣì wà lẹ́yìn kọ́tìnì, wọ́n ṣì ń ṣa ọta. Lọ́dún yìí, màmá wọn, Ìyá Sìlífátù, lọ ṣe Ọ́múrà, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó padà sí Ṣàgámù. A mú wọn lọ sí ọjà èso ní Sharjah láti ra wọ́tàmẹ́lọ̀nì. Màmá ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń di ojú. Ọlọ́jà na ọ̀kan tó ń dán sí wọn, ó ní òun ló dùn jù.

"Tọ́jú ẹ̀ fún ìyàwó ẹ," Màmá dá a lóhùn ní Yorùbá. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ni wọ́n mú.

Nígbà tí a délé, Dádì gbé e sórí tábìlì, wọ́n mú ọ̀bẹ. Màmá dìde, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń wo aṣọ tí àwọn ará òdìkejì sá sí bákónì.

"Màmá, ẹ wá wò ó bí mo ṣe ń là á," ni Dádì wí.

"Gé e, ọmọ mi."

Mo fi ojú wá Bọ̀dá Mùráínà kiri. Wọ́n wà lẹ́bàá fíríìjì, àwọn náà ti kẹ̀yìn sí tábìlì. Ẹ̀yìn méjèèjì rí bákan náà, ọwọ́ ká sẹ́yìn, ọrùn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò lè gbé ojú mi kúrò. Bọ̀dá yí orí díẹ̀, wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n.

"Kẹ́mi, mo ṣì jẹ ẹ́ ní èsì kan," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Obì ni Màmá máa ń ṣà fún àwọn Haúsá tó ń rajà ní Ṣàgámù. Tí oníbàárà bá fẹ́ la ọ̀kan wò, bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń dúró nìyẹn. Ìta rẹ̀ lọwọ́ èèyàn mọ̀, kò mọ inú. Èyí tí mo bá mọ̀ pé kò dára, mo ti yọ ọ́. Èyí tó kù, mi ò mọ̀ ọ́n, mò ń retí rẹ̀ ni. Tí mo bá wá dúró tí mò ń wo ojú Kóòṣì, á dà bíi pé mò ń bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbà á."