Ìyìn Tí Yẹ̀kínì Fi Pamọ́

Èmi Alárápé ni mo pọn Yẹ̀kínì àbúrò mi dàgbà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé n ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni, káfíńtà ní Artisan Market l'Énúgu, níbi tí a jọ ń gbé. Bí èèyàn bá béèrè Sàbúrátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, á ní, "Olódo yẹn? Ẹ fi sílẹ̀ jàre." Inú a máa bí mi bíi kí n gbá a létí.

Àmọ́ mo mọ ìdí ẹ̀. Ọmọ méjì ló sin ṣáájú ẹ̀; ìkókó ni èyí kejì. Èyí àgbà gba ẹ̀bùn nílé ìwé, bàbá ẹ̀ yìn ín káàkiri ọjà. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ibà fi pa á. Láti ìgbà náà ni Yẹ̀kínì ti gbà pé ìyìn ẹnu òun ló pa ọmọ òun.

Ta ló wá ṣàlàyé èyí fún Sàbúrátù? Kò sẹ́ni kankan, títí kan èmi náà. Lọ́dún 1960, ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé àpótí ẹ̀ délé, ó lóun ò ṣe mọ́. Àwọn olùkọ́ ní orí ẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó ti ìdánwò, á máa pa ìdáhùn tó tọ́ rẹ́. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ìyá, bàbá mi mọ̀ mí ju olùkọ́ lọ. Olódo ni mí."

Yẹ̀kínì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọjà kún, ó mú ọmọ náà dání lọ sí ìsọ̀, ó gun orí bẹ́ǹṣì. Ó ké sí gbogbo ọjà.

"Ẹ gbọ́ o. Irọ́ ni mo ti ń pa mọ́ ọmọ yìí. Kì í ṣe olódo. Kò sẹ́ni tó gbọ́n tó o nílé wa, orí mi sì ń wú."

Sàbúrátù bú sẹ́kún. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Bàbá ẹ̀ ni ò gbádùn mọ́. Láràárọ̀, kó tó ṣí ìsọ̀, á gun kẹ̀kẹ́ dé géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì bóyá ọmọ òun jí. Ọba Ọlọ́run! Mo ti pẹ́ láyé, n ò rí irú ẹ̀ rí: kéèyàn gbà tọkàntọkàn pé ọ̀rọ̀ kan lè pa ọmọ òun, kó sì sọ ọ́ nítorí ọmọ náà. Ìyanu ló jẹ́ fún mi dòní.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, èmi ni mo sáré lọ sí ìsọ̀ lọ sọ fún un pé Sàbúrátù yege, ó yege dáadáa. Ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Ara ẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ara ẹ̀ le?"