Ọjọ́ Tí Mo Gba Kẹ́tùlù Lọ́wọ́ Aṣọ́lé

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláàánú. Àánú mi ti lé arúgbó kan kúrò nílé rẹ̀ rí.

Stockport, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ilé náà wà, mo sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Old Trafford lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, òun náà ló gbé mi kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí ìlú òtútù yìí. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n kọ́ sí mi lọ́rùn, Mama yìí ló le jù. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni, ó ga, ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta sì wọ́. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà láti pe ẹni tó ju ìyá mi lọ lórúkọ. Mama ni mò ń pè é. Nínú ọkàn mi, “ẹ” ni mò ń bá a sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe ń kọ ọ́ síbí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bi í pé kí ló ṣe ìka rẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù ni. Mo rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù wo ló ń ṣẹ́ èèyàn níka? Ojú tó fi wò mí pa ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu.

Bí mo ṣe ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń gbọ́ ìtàn náà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí olùkọ́ kan rí i pé ó ga ju àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ, ló bá tì í sẹ́nu gólì. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń gbá, èèyàn méje sí méje nínú gbọ̀ngàn, wọ́n á sì fi gbogbo agbára apá jù ú sáwọ̀n. Aṣọ́lé kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ojú ni o, àyà ni o, itan ni o, ibi tí bọ́ọ̀lù bá bá ni yóò fi gbà á. Ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé iṣẹ́ náà, kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n pè é sínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó padà sẹ́nu gólì. Lẹ́yìn náà ló lọ gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Jámánì. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ rẹ̀, ará Stockport, ó sì tẹ̀ lé e wá síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ohun tó ń jẹ́ bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́. Ó lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló wá, ọ̀kan nínú wọn sì rò pé ijó ni. Ló bá lọ ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ìtàn kan wà tí kì í parí. Ìdíje àṣekágbá ni, eré ti fẹ́ tán, wọ́n sì fún àwọn alátakò ní pẹnáritì. Mama á wí pé, “Aṣọ́lé tó bá kọ́kọ́ mira ti kú. Ẹni tó fẹ́ jù ú ń retí kí o mira ni. Dúró. Jẹ́ kí ẹ̀rù ba òun.” Lẹ́yìn náà á ní, “Obìnrin náà gbé apá sókè.” Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Bí mo bá bi í pé ṣé ẹ mú un, á ní kí n lọ fọ abọ́.

Ó wá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Wọ́n kọ̀wé pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀: kó dìde lórí àga, kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kó sì dá po tíì. Bó bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra rẹ̀, yóò máa gbé ilé rẹ̀ lọ. Bí kò bá lè ṣe é, wọn yóò wá àyè fún un nílé àwọn arúgbó. Inú ilé yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú sí, ibẹ̀ ló sì ní òun náà máa kú sí.

Kẹ́tùlù ló ń já wa láyà. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá gbé ohun tó wúwo, ṣùgbọ́n ó ti wá ọgbọ́n dá sí i. Á gbé e sókè, á dá a dúró bẹ́ẹ̀, á máa mí títí ọwọ́ náà yóò fi rọ̀, kó tó wá dà á. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi dánra wò. Èmi gan-an ló sì ń kọ́. Ó ní kí n jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ní ṣé èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ wò ni?

“Mo mọ ara mi,” ó dáhùn. “Ìwọ ni mi ò mọ̀.”

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ó tọ́ kó fura. Nílé tiwa, bàbá mi kò gbọdọ̀ gbé àpò wọlé kí n máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà àdúgbò wa kan ru igi kọjá níbi tí mo jókòó sí tí mò ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá mi gbá mi létí, etí náà hó títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí ẹrù lọ́wọ́ àgbà, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba náà wọlé, ó kí wa dáadáa, ó sì sọ fún mi pé kí n má dá sí i. Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Mama dìde láìdi nǹkan kan mú. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó wá wo obìnrin náà bí àlejò tó ti pẹ́ jù. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú. Omi hó. Ó gbé kẹ́tùlù. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì dá a dúró bó ṣe máa ń ṣe. Mo mọ̀ pé yóò rọ̀. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló rọ̀. Mo ń kà á. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ooru omi náà ń fẹ́ sí i lójú. Obìnrin náà gbé ojú kúrò nínú ìwé.

“Mama, ẹ jẹ́ n gbà á.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Kẹ́tùlù ti wà lọ́wọ́ mi.

“Ṣé bí o ṣe máa ń ràn án lọ́wọ́ nìyẹn?” obìnrin náà bèèrè. Mo ní rárá, mo ní ó lè dá a ṣe, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Mama tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò lè bá a wí. Èmi tí mo wà pẹ̀lú Mama lójoojúmọ́ ni mi ò gbà á gbọ́. Mama wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo, ó sì jókòó.

Nígbà tí ìwé ìpinnu wọn dé, mo ní ká pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá pàdánù a máa bọ alátakò rẹ̀ lọ́wọ́ ni, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò rí ẹ̀bi mi rárá. “Abeg, kí lo fẹ́ ṣe? Kó o fọwọ́ lẹ́rán máa wo mama arúgbó pẹ̀lú hot water? Tó bá dà sí i lára ńkọ́? Home training lo fi hàn jàre.” Díẹ̀ ló kù kí n bá a jà. Home training náà ló gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Ilé àwọn arúgbó kan ní Swinton ni wọ́n gbé e lọ. Ojú tì mí, oṣù méjì kọjá kí n tó lè lọ, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Mo bá a nínú pálọ̀ ńlá tí gbogbo àga kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. Mo jókòó, mo ní, “Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Obìnrin náà gbé apá sókè,” ó wí.

Mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀.

“Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ mira. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn tó kù. Ẹsẹ̀ mi lọ sápá ọ̀tún kó tó jù ú. Mi ò rán an níṣẹ́, ó kàn lọ ni. Apá òsì ni bọ́ọ̀lù gbà wọlé.” Ó wo ìka rẹ̀ tó wọ́. “Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.”

Mo sunkún bí ọmọdé. Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ìkòkò tíì tó wà lórí tábìlì. Mo yára jókòó lé ọwọ́ mi. Ó gbé e sókè, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì dá a dúró. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan rí i láti ìdí ilẹ̀kùn, ló bá sáré wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níwájú. “Ah, Mama, ẹ fún mi, let me help you o!” Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Mo yọ ọwọ́ kan lábẹ́ itan mi, mo fi gbá tirẹ̀ mú.

“Jọ̀ọ́,” mo wí, “má mira.”

Àwa méjèèjì dúró. Ọwọ́ Mama gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó sì rọ̀. Ó da tíì sínú ife, díẹ̀ dà sínú àwo, ó wá tì í síwájú mi.

“Mu ún,” ó wí, “kó tó tutù.”